Camry 1998 ń gbọ̀n nígbà tó bá dúró, ó sì ń lọ́ra bí a bá tẹ tìrọ́tù: ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn

AwakọBódìjà

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Toyota Camry ọdún 1998 ni mo ń lò, èyí tí àwọn ará ọjà ń pè ní Pencil Light. Tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà ni, jíà rẹ̀ jẹ́ ọ̀tọ̀mátíìkì, ẹ́ńjìnì rẹ̀ sì ni 5S-FE oní-sìlíńdà mẹ́rin, lítà 2.2. Bí mo bá dúró níbi iná ojú pópó tí jíà wà ní D, gbogbo ara ọkọ̀ ni ó máa ń gbọ̀n, abẹ́rẹ́ RPM, ìyẹn iye ìgbà tí ẹ́ńjìnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan, a sì máa lọ sókè lọ sódò láàárín 500 sí 700. Bí mo bá wá tẹ tìrọ́tù láti gbéra, kì í dáhùn lójú ẹsẹ̀. Yóò kọ́kọ́ fà sẹ́yìn bí ẹni pé ó fẹ́ kú, lẹ́yìn náà ni yóò fò síwájú lójijì, èyí tí ó léwu púpọ̀ fún ẹni tí ó fẹ́ wọ àárín àwọn ọkọ̀ tó ń sáré ní oríta Challenge. Epo tí ó ń jẹ ti pọ̀ sí i pẹ̀lú. A ti pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, asẹ́ epo àti asẹ́ afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ìyàtọ̀ kankan. Mẹkáníìkì kan ní kí n ra pọ́ǹpù epo, òmíràn sì ní brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnì, ni ó ti bàjẹ́. Iná ìkìlọ̀ ẹ́ńjìnì kò tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹ jọ̀wọ́, kí n tó ná owó sí èyíkéyìí nínú méjèèjì, níbo ni ó yẹ kí á ti bẹ̀rẹ̀?

ÀgbàMẹkáníìkì

Ẹ má tíì ra pọ́ǹpù, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta brain box fún yín. Láti ìgbà tí mo ti ń tún Camry ṣe, brain box tí ó bàjẹ́ kò wọ́pọ̀ rárá, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ra òmíràn lásán kò lóǹkà. Ìbéèrè ni ó yẹ kí ó ṣáájú sípánà. Ṣé gbígbọ̀n náà máa ń ṣẹlẹ̀ ní òwúrọ̀ tí ẹ́ńjìnì ṣì tutù, àbí ìgbà tí ó bá ti gbóná ni? Ṣé ó máa ń dínkù bí ẹ bá fi jíà sí N? Bí ẹ bá tan ẹ̀rọ amúlétutù, ṣé RPM máa ń gòkè díẹ̀ tàbí ó máa ń wálẹ̀? Nígbà tí ẹ bá ń sáré ní títì márosẹ̀, ibo ni abẹ́rẹ́ ìgbóná máa ń dúró sí? Lákòótán, bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ sí ON láìtíì ta ọkọ̀, ṣé iná ìkìlọ̀ ẹ́ńjìnì máa ń tàn kí ó tó kú? Ìdáhùn sí èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni mo fẹ́ gbọ́ jù.

AwakọBódìjà

Ẹ ṣé, Bàbá. Ní òwúrọ̀ RPM máa ń ga díẹ̀, gbígbọ̀n náà kì í sì hàn tó bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí ó bá ti gbóná ni ó máa ń le. Ní N ó máa ń dínkù, ṣùgbọ́n kì í tán. Amúlétutù máa ń fà á wálẹ̀ díẹ̀ kí ó tó gbéra padà. Abẹ́rẹ́ ìgbóná kì í dé àárín rárá bí mo bá ń lọ sí Èkó lórí títì márosẹ̀. Mo rò pé ohun tó dára ni. Mo ti yí kọ́kọ́rọ́ sí ON gẹ́gẹ́ bí ẹ ti wí: iná òróró àti iná bátìrì tàn, ṣùgbọ́n ti ẹ́ńjìnì kò tàn rárá.

RíwáyàÒṣogbo

Gílóòbù iná náà ni wọ́n ti yọ, tàbí kí wọ́n ti fi téèpù bò ó. Àwọn kan tí wọ́n ń ta tòkunbọ̀ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí oníbàárà má bàa béèrè ọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí ríwáyà tú dáṣíbọ́ọ̀dù kí ó dá gílóòbù padà sí ipò rẹ̀, nítorí pé láìsí i, ẹ ń wakọ̀ tí kò lè sọ ohun tó ń ṣe é.

Lẹ́yìn náà, ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tí a ń fi wo kọ̀ǹpútà ọkọ̀, irú èyí tí ó ń bá fóònù sọ̀rọ̀ nípasẹ̀ Bluetooth. Láti ọdún 1996 ni gbogbo ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà ti ní ojúhò OBD-II, ibi tí a ń so ẹ̀rọ náà mọ́, nítorí náà ti yín ní i, lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ní ẹ̀gbẹ́ awakọ̀. Ẹ má wo kóòdù nìkan. Àwọn nọ́ńbà tí ẹ óò wò nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́ ni ìgbóná omi, ìfúnpá tí a ń pè ní MAP, èyí tó wà nínú mánífóòdù, ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú sìlíńdà, àti fuel trim, ìyẹn iye epo tí brain box ń fi kún tàbí tí ó ń yọ kúrò.

Abẹ́rẹ́ ìgbóná tí kì í dé àárín kì í ṣe ohun tó dára o. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi lójú pé ẹnì kan ti yọ támósítáàtì kúrò nínú ọkọ̀ yín.

ÌyáÌbejì_Abẹ́òkúta

Ẹ gbọ́ ohun tí Ríwáyà sọ yẹn dáadáa, ẹ̀gbọ́n. Nílẹ̀ wa níbí, bí ọkọ̀ bá ti gbóná jù lẹ́ẹ̀kan péré, ohun tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì yóò kọ́kọ́ ṣe ni kí wọ́n yọ támósítáàtì sọnù, kí wọ́n ní ìlú wa kò tutù tó ti Òyìnbó, a kò nílò rẹ̀. Irọ́ gbáà ni. Támósítáàtì kò wà nítorí òtútù. Ó wà kí omi má bàa máa yípo lọ sínú rédíétọ̀ kí ẹ́ńjìnì tó gbóná dé ìwọ̀n tí wọ́n ṣe é fún. Ti ẹ́ńjìnì yín máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ní nǹkan bí 82 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí kò bá sí níbẹ̀, atẹ́gùn tó ń fẹ́ lu rédíétọ̀ ní títì márosẹ̀ yóò máa mú omi náà tutù jù, brain box yóò sì máa rò pé ẹ́ńjìnì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí ni, yóò wá máa da epo sí i ju bó ti yẹ lọ. Ibẹ̀ ni epo yín ń lọ. Púlọ́ọ̀gì tuntun tí ẹ fi sí i náà yóò dúdú kí ó tó pẹ́. Ẹ yọ ọ̀kan kí ẹ wò ó.

BàbáTítí

Ní tèmi, ọ̀rọ̀ yìí kò kọjá ti epo. Ṣé ẹ rántí oṣù kejì ọdún 2022, nígbà tí àjọ tó ń bójú tó epo fúnra rẹ̀ kéde pé epo tí methanol inú rẹ̀ pọ̀ jù ti wọ orílẹ̀-èdè yìí? Bí a kò bá tilẹ̀ sọ ti ìgbà yẹn, epo inú jẹ́ríkáànù ẹ̀bá ọ̀nà kì í ṣe ohun tí ènìyàn lè fọkàn tán. Ẹ fọ táǹkì, ẹ fọ nọ́súlù tó ń fín epo sínú ẹ́ńjìnì, ẹ da oògùn tí wọ́n fi ń fọ nọ́súlù sí i, kí ẹ sì wò ó bóyá kò ní padà bọ̀ sípò.

ÀgbàMẹkáníìkì

Bàbá Títí, epo burúkú lè fa gbogbo ohun tí wọ́n kà sílẹ̀ yìí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á yẹ̀ ẹ́ wò kí á tó dá a lẹ́bi. Kí wọ́n tú rọ́bà tó wọ asẹ́ epo, kí wọ́n gbọ́n epo díẹ̀ sínú ìgò funfun, kí wọ́n sì gbé e kalẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Bí omi bá wà nínú rẹ̀, yóò yà sí ìsàlẹ̀, ojú lásán yóò sì rí i. Kò ná wa ní kọ́bọ̀. Bí epo náà bá mọ́, a kò ní ìdí láti sọ táǹkì kalẹ̀.

Ní ti pọ́ǹpù, géèjì ni a fi ń dá ẹjọ́ rẹ̀. Lórí 5S-FE, bí a bá yọ rọ́bà fákúùmù tó wọ régúlétọ̀ epo, ohun tó ń ṣàkóso ìfúnpá epo, tí a sì dí i, ìfúnpá epo gbọ́dọ̀ wà láàárín 38 sí 44 psi; bí a bá dá rọ́bà náà padà, ó yẹ kí ó wálẹ̀ sí nǹkan bí 31 sí 37. Nígbà tí rọ́bà náà bá sì wà lọ́wọ́ yín, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bí epo bá tutù sínú rẹ̀, awọ inú régúlétọ̀ ti ya, ẹ́ńjìnì sì ń mu epo tútù gba ojú ọ̀nà afẹ́fẹ́. Èyí nìkan tó láti mú kí ọkọ̀ máa gbọ̀n kí ó sì máa jẹ epo. Mẹkáníìkì tí ó bá ní kí ẹ ra pọ́ǹpù láìso géèjì mọ́ ọn, àfọ̀ṣẹ ni ó ń dá.

ỌmọÈkòHouston

Ẹ kú ìjókòó o. Ilé ìtúnmọ́tòṣe ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níhìn-ín ní Texas, irú Camry yìí kò sì tíì tán lójú títì wa. Ohun kan wà tí ó máa ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Ìmọ̀ràn tí ó pọ̀ jù lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni pé kí ẹ fọ MAF, ìyẹn sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọlé. Camry V6 ti ọdún yẹn ni ó ní MAF. Ti yín oní-sìlíńdà mẹ́rin kò ní i. MAP ni ó ní, tí kì í wọn afẹ́fẹ́ tààrà, bí kò ṣe ìfúnpá tó wà nínú mánífóòdù, kí brain box tó fi ìyẹn ṣírò iye afẹ́fẹ́.

Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì gan-an nígbà tí a bá ń wá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jò. Lórí ọkọ̀ oní-MAF, afẹ́fẹ́ tó bá gba ibi ihò wọlé kò kọjá níwájú sẹ́ńsọ̀, nítorí náà epo kò ní tó o, fuel trim yóò sì gòkè. Lórí ti yín, MAP yóò rí ìfúnpá tó ti gòkè, brain box yóò fi epo kún un, RPM ni yóò sì máa ga ju bó ti yẹ lọ. RPM ti yín kò ga. Ńṣe ni ó ń wálẹ̀ sí 500, nígbà tí ó yẹ kí ó wà ní nǹkan bí 750. Èyí mú kí n fura sí ohun mìíràn tí kì í ṣe afẹ́fẹ́ títun: èéfín láti inú sàlẹ́ńsà tó ń padà wọlé nígbà tí kò yẹ, ìyẹn ni pé fáàfù EGR, èyí tó ń dá èéfín díẹ̀ padà sínú ẹ́ńjìnì, kò pa dé. Èéfín yẹn máa ń gbé ìfúnpá mánífóòdù sókè, MAP yóò rò pé afẹ́fẹ́ gidi ni, brain box yóò da epo sí ohun tí kò lè jó, fuel trim yóò sì wálẹ̀ gidigidi sí ìsàlẹ̀ òdo. Nítorí náà, bí ẹ bá so ẹ̀rọ náà mọ́ ọn, ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì wá fún wa. Bí ẹ́ńjìnì bá gbóná tí kò sì sí ìdààmú, MAP yẹ kí ó wà ní nǹkan bí 30 sí 40 kPa nígbà tí ọkọ̀ bá dúró ní N.

Ẹ tún wo bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Yóò sọ bóyá California ni wọ́n ṣe ọkọ̀ náà fún. Sẹ́ńsọ̀ iwájú tó wà lára sàlẹ́ńsà ti California yàtọ̀ sí ti àwọn ìpínlẹ̀ yòókù, ọ̀kan kò sì lè rọ́pò èkejì bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n jọra lójú. Bí ó bá di pé ẹ fẹ́ rà á lọ́jọ́ kan, nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ ni kí ẹ gbé lọ sí ọjà.

RíwáyàÒṣogbo

Ọmọ Èkó ti là á mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi ti TPS kún un, nítorí pé ọ̀rọ̀ lílọ́ra nígbà tí a bá tẹ tìrọ́tù wà nínú ẹjọ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Òun ni sẹ́ńsọ̀ kékeré ẹ̀gbẹ́ tìrọ́tù bọ́dì (ẹnu ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnì) tó ń sọ fún brain box bí ẹsẹ̀ yín ti wọlé tó. Yí kọ́kọ́rọ́ sí ON, má ta ọkọ̀, fi mítà wọn okùn VTA sí E2, méjèèjì lára okùn TPS: bí tìrọ́tù bá wà ní pípa, fóòtì yẹ kí ó wà láàárín 0.3 sí 0.8, bí ó bá ṣí pátápátá, láàárín 3.2 sí 4.9. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni ohun tó wà láàárín méjèèjì. Mítà oní-abẹ́rẹ́ àtijọ́ dára jù fún iṣẹ́ yìí. Ẹ máa ṣí tìrọ́tù díẹ̀díẹ̀, bí abẹ́rẹ́ bá ṣàdédé já wálẹ̀ níbì kan kó tó tún gòkè, ibẹ̀ ni ọkọ̀ yín ti ń kọsẹ̀.

Sẹ́ńsọ̀ ìgbóná omi náà rọrùn láti yẹ̀ wò. Bí ó bá tutù bí afẹ́fẹ́ ilé, 20 lórí Celsius, ọ́ọ̀mù rẹ̀ wà láàárín 2,000 sí 3,000. Bí ó bá dé 80, kò yẹ kí ó kọjá 200 sí 400. Èyí tó ń parọ́ yóò ṣe gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ tí kò ní támósítáàtì.

ÀgbàMẹkáníìkì

Kí a tó kan EGR, ẹ jẹ́ kí á mọ̀ bóyá sìlíńdà kan ni kò ṣiṣẹ́ tàbí gbogbo wọn ló ń jìyà. Ẹ́ńjìnì ní láti gbóná. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì iná nọ́súlù, ìyẹn orí okùn tó ń gbé iná wọ nọ́súlù, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa dá a padà kí ẹ tó yọ òmíràn. Èyí tí ẹ bá yọ tí RPM kò sì wálẹ̀, sìlíńdà yẹn ti kú tẹ́lẹ̀. Ẹ má ṣe fa okùn púlọ́ọ̀gì gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe láyé Peugeot 504, nítorí pé kọ́ìlì méjì péré ni ó wà lórí ẹ́ńjìnì yìí, ọ̀kan ń bọ́ sìlíńdà 1 àti 4, èkejì ń bọ́ 2 àti 3, iná tí kò bá sì rí ọ̀nà gbà lè ba kọ́ìlì jẹ́, tàbí kí ó gbá ẹni tó dì í mú. Bí sìlíńdà kan bá kú, ẹ wo inú ihò púlọ́ọ̀gì rẹ̀. Rọ́bà tó wà lábẹ́ ìdérí fáàfù máa ń gbó, òróró a sì kún inú ihò náà títí okùn yóò fi rẹ sínú rẹ̀.

Bí gbogbo wọn bá wálẹ̀ bákan náà, ohun tó kan gbogbo sìlíńdà ni a ń wá: afẹ́fẹ́, epo, EGR, tàbí bẹ́líìtì táímìnì tí ẹnì kan dè tí eyín kan fò. Ẹ fọ tìrọ́tù bọ́dì pẹ̀lú, kí ẹ sì fọ ojú ọ̀nà fáàfù kékeré tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, èyí tó ń ṣàkóso RPM nígbà tí ọkọ̀ bá dúró. Omi rédíétọ̀ máa ń gba ibẹ̀ kọjá, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì tutù kí ẹ tó tú rọ́bà. Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí bóòtù kékeré tó dá ewé tìrọ́tù dúró láti fi gbé RPM sókè. Ilé iṣẹ́ ni ó ti tò ó. Bí ẹ bá yí i, TPS kò ní mọ̀ mọ́ pé tìrọ́tù wà ní pípa, ọkọ̀ yóò sì ní àìsàn méjì.

Ohun kan tún wà tí àwọn ọ̀dọ́ kì í wò. Rọ́bà fákúùmù kékeré méjì máa ń lọ sí ibi pọ́ǹpù síárìn, kí ẹ́ńjìnì lè gbé RPM díẹ̀ sókè nígbà tí ẹ bá ń yí síárìn níbi tí ẹ ti dúró. Bí fáàfù ibẹ̀ bá gbó, òróró síárìn yóò máa gba rọ́bà náà wọ mánífóòdù. Ẹ yọ ọ́. Gbígbẹ ló yẹ kí inú rẹ̀ wà.

AwakọBódìjà

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Èyí ni ohun tí a rí. Téèpù dúdú ni wọ́n fi bo iná ìkìlọ̀ lóòótọ́. Kóòdù kan ṣoṣo ni ó wà nínú rẹ̀, P0300. Kò sí omi nínú epo, ìfúnpá epo jẹ́ 42 psi, rọ́bà régúlétọ̀ sì gbẹ. Ìgbóná omi kò kọjá 64 lórí títì márosẹ̀. Nígbà tí a tú ilé támósítáàtì, òfìfo ni a bá níbẹ̀. A ra tuntun ní ọjà Àràrọ̀mí ní Gate, a sì fi sí i. Ìgbóná ti ń dúró ní 86 báyìí, ọkọ̀ náà kò sì jẹ epo tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n gbígbọ̀n àti lílọ́ra kò lọ. A yọ púlọ́ọ̀gì iná nọ́súlù lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo sìlíńdà wálẹ̀ bákan náà. TPS gòkè láìjá. MAP jẹ́ 51 kPa ní N, fuel trim sì wà ní 19 nísàlẹ̀ òdo.

ỌmọÈkòHouston

P0300 túmọ̀ sí pé mísìn náà, ìyẹn kí epo má jó bó ti yẹ nínú sìlíńdà, kò dúró sí sìlíńdà kan, èyí sì bá ohun tí nọ́súlù sọ mu. MAP tó ga pẹ̀lú fuel trim tó wà nísàlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, EGR ni mo di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Ẹ tú u, kí ẹ gé irin pẹlẹbẹ kan sí ìrísí gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kí ẹ fi dí ojú ọ̀nà náà, kí ẹ tún un dè, kí ẹ sì ta ọkọ̀. Bí ó bá dákẹ́ lójú ẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ ti tán.

AwakọBódìjà

Ó dákẹ́! MAP wálẹ̀ sí 34, RPM dúró ní 750 láìmì, bí mo bá sì tẹ tìrọ́tù, ó ń dáhùn kí n tó gbé ojú sókè. Èédú kan ni ó há sẹ́nu fáàfù náà tí kò jẹ́ kí ó pa dé. Ìbéèrè méjì ni ó kù. Ní D, ó ṣì ń gbọ̀n díẹ̀ sí ọwọ́ síárìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ní N kò sí nǹkan kan. Mẹkáníìkì mi sì ní kí n kúkú fi irin náà sílẹ̀ síbẹ̀ títí láé. Ṣé kò séwu?

ÀgbàMẹkáníìkì

Gbígbọ̀n tó wà ní D tí kò sí ní N, síìtì ẹ́ńjìnì, ìyẹn rọ́bà tí ẹ́ńjìnì jókòó lé, ni. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹnì kan tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ gidi pẹ̀lú bíréèkì ọwọ́, kí ó fi jíà sí D, lẹ́yìn náà kí ó fi sí R, kí ó máa tẹ tìrọ́tù fẹ́ẹ́rẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dúró síwájú tàbí sẹ́yìn ọkọ̀. Síìtì tí ẹ́ńjìnì bá ti ń fò sókè lórí rẹ̀ ti já. Ti iwájú àti ti ẹ̀yìn ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ lọ.

Ní ti irin yẹn, ẹ yọ ọ́. Iṣẹ́ EGR ni láti dín ìgbóná inú sìlíńdà kù nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́ agbára díẹ̀ lójú ọ̀nà. Bí ẹ bá dí i pa, ẹ lè máa gbọ́ ìró bí òkúta wẹ́wẹ́ nínú ẹ́ńjìnì nígbà tí ẹ bá ń gun òkè pẹ̀lú ẹrù, pàápàá pẹ̀lú irú epo tí Bàbá Títí ń sọ. Ẹ fi ọ̀bẹ tí kò mú ha èédú náà kúrò, kí ẹ fi oògùn tí wọ́n ń fi fọ kábúrétọ̀ rin ín, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe kan awọ rọ́bà inú orí rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi ẹnu fẹ́ ojúhò rẹ̀ nígbà tí ó wà ní pípa. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣì ń gba inú rẹ̀ kọjá, ẹ ra òmíràn. Bí kò bá gbà, ẹ fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun dè é padà.

ÌyáÌbejì_Abẹ́òkúta

Bí ẹ bá sì ń ra síìtì ẹ́ńjìnì ní Àràrọ̀mí, ẹ̀gbọ́n, ẹ mú ti àtijọ́ lọ́wọ́ lọ. Ti V6 lè jọ ọ́ lójú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀kan náà.